Ara Ọmọ Mi Ni Wọ́n Fi Ń Ṣọgbà

Nínú mọ́tò tó ń ti Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé.

"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ àlàáfíà ni, Màámi. À ń sin àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa nítorí ilẹ̀ wọn lọ sóko."

"Ṣé ìbọn wà lọ́wọ́ yín ni?"

"Rárá o. Bí àwọn apààyàn bá rí àlejò láti ilẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà, ẹ̀rù á bà wọ́n láti yìnbọn."

"Bí ẹ̀rù ò bá bà wọ́n ńkọ́?"

"Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àgbẹ̀ tí mò ń sin lọ sóko ló kú."

"Yéè! Ara ọmọ mi ni wọ́n fi ń ṣọgbà!"

"Màámi, mo ṣì máa padà síbẹ̀."

Títí mo fi sọ̀kalẹ̀, èjìká ọmọ náà ni ìyá náà ń fọwọ́ tẹ̀ wò, bí ẹni tó ń wá ojú ọgbẹ́.