Aṣọ Tí Rúùtù Rán fún Ojú Omi

“Má fi aṣọ yẹn bo iṣu o!” Ọ̀rọ̀ tí Rúùtù sọ fún mi kẹ́yìn láyé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kò ní ó dàbọ̀, kò ní kí n tọ́jú ara mi. Aṣọ! Ẹ̀yin náà wá dé lónìí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ní ẹ wá kó ẹrù àbúrò yín bí àṣà ṣe wí. Mo ní ó dáa, ẹ kó ìró, ẹ kó gèlè, ẹ kó abọ́, n ò janpata. Ó wá ku aṣọ ọ̀hún, funfun ọ̀pá mẹ́jọ, ẹ ká a mọ́ abíyá, ẹ ní ẹ máa dáná sun ún. Ta ni? Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre!

Ẹ ní aṣọ yìí ló ń ti Ṣaléwá ọmọ wa lọ sínú omi. Háà! Ṣé aṣọ ló mú un débẹ̀ ni, àbí ìjọba tó fi í ṣe agùnbánirọ̀ láàárín àwọn apẹja? Ó kọ́ àwọn ọmọ wọn níwèé lọ́dún kan, ó rí i tí epo bo odò, tí ẹja ń kú léfòó, kò padà wálé mọ́. Òun àtàwọn apẹja bá wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n lọ dábùú ọ̀nà ọkọ̀ òkun tó ń gbé epo rọ̀bì lọ sílẹ̀ òyìnbó. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o! Ìyá rẹ̀ ni, àbúrò yín, tó jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ tí mo fi owó Údójì tí ìjọba fún wa nígbà náà rà fún un, tó ń rán àkọlé tí wọ́n nà sójú omi.

Ẹ sì wo ohun tó kọ. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ewu òkun. Ilé ń kọ́? Ẹ jọ̀wọ́...” Aṣọ tán! Mo ní, Rúùtù, ìjà ni wọ́n fẹ́ lọ jà o. Ó ní ṣé inú igbó ni wọ́n ti bí òun, tí òun á fi máa bá ẹni tí òun ò tíì kí wí? Lédè Yorùbá, ẹ̀gbọ́n, lójú òkun! Ta ni yóò kà á? Apẹja ò gbọ́, òyìnbó ò gbọ́. Àfi kúkù tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ńlá náà, ọmọ ìlú Bàbáńlá, tó yọrí lókè tó pariwo pé, “Dáadáa la wà o! Ọmọ ta ni ẹ́?” Ṣaléwá ní àwọn rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ àwọn fi fẹ́ dojú dé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí Rúùtù ra ọ̀pá mẹ́jọ fún èkejì yìí, kí àyè lè wà fún ìjà lẹ́yìn ìkíni.

Ẹ ní kí ni? Pé ọmọ tó ń dínà epo ló jẹ́ kí òkú ìyá rẹ̀ sùn sí Ìlọrin fún ọjọ́ méjì, tí a ò rí epo gbé e wálé? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Èmi tí mo tò sórí ìlà epo ní Gánmọ̀ tèmi ti kẹ́ẹ̀gì, ṣé mo rí ọkọ̀ Ṣaléwá níbẹ̀? Epo tó ń lọ sókè òkun, ṣé ó sọ fún yín pé òun fẹ́ yà ní Èsìẹ́ kí wa?

Òótọ́ ni, Ṣaléwá kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ nílé wa? Ẹ rò pé àyà mi kì í já? Ní Sátidé tó ń bọ̀ wọ́n tún ń lọ. Yóò lọ, aṣọ wà, aṣọ ò sí. Ẹ jẹ́ kó mú nǹkan tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ṣe dání. Ẹrù òkú lẹ wá kó, èyí kì í ṣe ẹrù òkú, ó ti fún ọmọ rẹ̀ kó tó lọ. Ẹ gbé e sílẹ̀, mo bẹ̀ yín.

Ẹ ṣeun.

Ẹ ń béèrè pé kí ni mo ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Rúùtù ti lọ. N ò tíì ṣe nǹkan kan. N ò tíì gbé bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. N ò tíì sọ fún ẹgbẹ́ akọrin pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. N ò tíì bá Ṣaléwá wí, n ò sì tíì yìn ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò rán tán lára aṣọ náà. N ò tíì rán an. N ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì.