Jó Tí Ọmọ Mi Sọ, Jó Tí Ọmọ Yín Gbọ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ gbé àga fún mi, mi ò jókòó, ìjà ni mo bá wá! Mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọba lọ́sẹ̀ yìí débi pé ìdí mi ti mọ bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ọmọ yín dà? Akọ̀wé kékeré onígíláàsì lójú, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwáṣẹ́. Ó ń sùn? Áà, oorun yẹn á mà dùn o! Ó sọ ọmọ mi di oníjó, ó wá gba ìsinmi, ó lọ sùn!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi ọmọ tí mo gbé pọ̀n bẹ̀ yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi tán ná.

Ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin mi, èyí tó ga, tó máa ń gbé aṣọ tí mo bá bá yín lọ̀ wá? Òun náà ni. Láti kékeré ló ti ń dúró síwájú ìsọ̀ wẹ́dà tó kọjú sí ilé wa. Bí mo bá rán an ní iyọ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa lọ mú un. Ilẹ̀kùn yẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jó o." Ẹsẹ̀ tábìlì tí mo fi ń lọṣọ kán, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jó o." Bí àwọn wẹ́dà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àbí báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Ta ló ń lọ bá wẹ́dà tó ń ní jọ̀wọ́, fi iná so irin yìí mọ́ irin kejì ẹ̀? Gbogbo ayé ló ń sọ pé bá mi jó o!

Nígbà tó yá, òun náà ń bá ará àdúgbò jó irin. Ní tèmi, ẹ̀rù ń bà mí. Iná yẹn ń ta sójú, ẹ̀gbọ́n, ó ń ta sára. Mo bẹ ọmọ yìí títí pé kó kọ́ iṣẹ́ tó tutù, ó ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ tó tutù. Mo wá rò ó pé, bó bá di dandan, kó lọ kọ́ ọ níbi tí wọ́n á ti fún un ní ìbòjú gidi àti ìbọ̀wọ́, kì í ṣe ìsọ̀ tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ ti ń fi gíláàsì oòrùn jó irin. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ìjọba ń fowó ara ẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Inú mi dùn! Mo wọ bàtà tó dáa, mo mú ọmọ mi lọ sí ibùdó.

Ọmọ yín ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ kọ́?" Ọmọ mi, tí ojú ń tì, tó ń wolẹ̀, ó ní, "Jíjó ni, sà." Ọmọ yín ní, "Jíjó?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jó nílé." Mo wà níbẹ̀ o! Mo tún fi tèmi kún un, mo ní, "Àní kò sẹ́ni tí kì í pè é ládùúgbò pé kó wá bá àwọn jó o!" Ọmọ yín mi orí bí àgbà, ó tẹ ohun tó ń tẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Ẹ̀kọ́ ijó ló tẹ̀ ẹ́ sí o! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìjọba ń kọ́ èèyàn níjó. Ẹ̀yin mọ̀? Wọ́n ní fún àwọn tó ń ṣeré lórí ìtàgé ni. Ó dáa, kí wọ́n máa jó. Ọmọ mi wọ bàtà wẹ́dà débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàtà onírin lẹ́nu, ó bá dígí tó gba ògiri kan tán, àwọn ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ń na ẹsẹ̀. Ó rò pé wọ́n ń múra àtigbé irin ni. Ó bá wọn na ẹsẹ̀!

Mo sáré padà sí ibùdó. Obìnrin tó jókòó sípò ọmọ yín ní, "Mọ́mì, àwa kì í kọ́ni, a kàn ń yan èèyàn ránṣẹ́ ni, ẹ lọ sílé ẹ̀kọ́." Ilé ẹ̀kọ́ ní, "Àwa kì í yan èèyàn, ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ là ń kọ́, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀." Ìgbìmọ̀ wo? Wọ́n ní àwọn oníléeṣẹ́ ńlá tí ìjọba kó jọ pé kí wọ́n máa sọ irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Mo gun àtẹ̀gùn débẹ̀. Àwọn ìyẹn ní, "Àwa kì í wojú ẹnikẹ́ni, iye là ń wò, wẹ́dà mélòó, oníjó mélòó, ẹ lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fún wa lówó." Iléeṣẹ́ ìjọba, ilé tútù bíi yìnyín, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní ní, "Màmá, ìgbìmọ̀ là ń fún lówó, a ò mọ ọmọ kankan. Ibùdó ni kẹ́ ẹ lọ." Ibùdó! Níbi tí mo ti gbéra!

Irú ilé wo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n? Bàbá di owó mú, kò mọ ọmọ. Àbúrò bàbá mọ iye ọmọ, kò mọ orúkọ. Ìyá mọ orúkọ, ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó gba ìsinmi. Ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n ní kì í ṣe òun ló bí wọn! Wọ́n ṣèèyàn o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti fún mi lómi mu. Omi tí mo mu lọ́sẹ̀ yìí tó fọ aṣọ.

Ẹ ní kó fi ijó sílẹ̀? Ibi tó ti dùn mí gan-an lẹ fọwọ́ kàn yẹn! Ẹ̀kọ́ kan péré ni ìjọba ń san fún ẹnì kan. Tó bá pa á jẹ, wọ́n á pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Tí wọ́n bá sì ti fi orúkọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lọ́sàn-án òní, ó parí, oníjó ni. Àyè kan ṣoṣo ló kù ní kíláàsì wẹ́dà. Ọmọ mi ò sì sunkún o. Ìyẹn ló ń já mi láyà. Ó ń lọ, ó ń jó, ó ń bọ̀, á wá jókòó síwájú ilé, á máa wo ìsọ̀ wẹ́dà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá ẹ̀. Mo ní ṣé o ti jẹun, ó ní òun ti yó. Ìyá wo ni ò mọ irọ́ yẹn?

Olùkọ́ ijó tún wá ránṣẹ́ pè mí lánàá, ó ní ọmọ mi lẹ́bùn! Ó ní òun ò rí ẹni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí rí. Kí ló máa ṣe tí kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀? Irin ló wà lẹ́nu bàtà ẹ̀!

Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín, mo ti fún yín láyè. Ṣùgbọ́n ẹ jí ọmọ yín fún mi. Obìnrin ibùdó ti wá jẹ́wọ́ fún mi pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nìkan ló lè tún un tẹ̀, kí orúkọ tó lọ. Gbogbo àtẹ̀gùn tí mo gùn yẹn, ìka ọmọ yín ló wà lókè ẹ̀!

Hẹn-ẹn, òun nìyẹn. Ẹ kú oorun o, akọ̀wé ìjọba! Wá, ọkọ mi, sún mọ́bí. Ẹ wo bó ṣe rù! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń fún ọmọ yìí lóúnjẹ ṣá? Má bẹ̀ mí, má bẹ̀ mí, mi ò bínú mọ́, ṣáà wọ ṣòkòtò ẹ ká máa lọ. Kí lo wí? O fẹ́ bi mí dáadáa, kó o má baà tún ṣì í tẹ̀? O káre, ọmọ gidi. Bi mí, kí n dáhùn ketekete. Iṣẹ́ wo ni ọmọ mi fẹ́ kọ́? Jíjó ni! Ó ti pẹ́ tó ti ń jó ní…

Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Ẹnu mi náà ni! Hà-hà-hà! Irin, akọ̀wé, irin ni, jíjó irin! Ẹ gbé àga yẹn wá, ẹ jẹ́ kí n jókòó rẹ́rìn-ín. Ìwọ má jókòó ní tìẹ o! Wọ bàtà ẹ, bọ́ sọ́nà, màá bá ẹ lọ́nà, kó o sì máa wí i lẹ́nu títí wàá fi débẹ̀: irin, irin, irin!