Iná Kọ́ Ló Pa Kọ̀ǹpútà Bàbá

Òótọ́ kan ti há sí Dókítà lọ́fun, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, kò rí i gbé mì mọ́. Dókítà wa yìí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ló ń wò sàn, àdúgbò ló fi í joyè. Àbúrò ẹ̀ obìnrin jókòó síwájú oúnjẹ tí kò fọwọ́ kàn, ojú ẹ̀ wú, torí Bàbá ti ní àfẹ́sọ́nà ẹ̀, oníná tó ń ṣe wáyà, tó sun kọ̀ǹpútà òun, kò ní fẹ́ ọmọ òun láéláé. Ni Dókítà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín pálọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò. Bàbá, iná kọ́ ló pa kọ̀ǹpútà yín. Èmi ni."

"Ìwọ bíi ti báwo?"

"Dísíìkì inú ẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, dà bí ilé oníyàrá méjì. Yàrá kékeré tí kọ̀ǹpútà ń gbé ti kún, mo bá da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ sí yàrá ńlá, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó ṣí! Mo jó. Mo rò pé yàrá ńlá la wà. Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo fi nu yàrá kékeré nù pátápátá. Àṣé ibẹ̀ náà la ṣì wà! Kò sẹ́ni tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé a ti kó lọ. Bó bá ti ń jí, ọ̀nà ilé àtijọ́ ló ń gbà. Èmi tí mo kọ 'Àgbà Oníṣẹ́' sára ṣọ́ọ̀bù!" (Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ilé tuntun lẹ wà kẹ́ ẹ tó wó ti àtijọ́.)

"Mo tún un tàn, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri. Bẹ́ẹ̀ ni oníná wà lórí àkàbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ wọlé, ẹ ní kí ló dé. Ẹnu mi burúkú yìí ló ní, 'Ẹ bi oníná!'"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin!"

"Mi ò tíì dé ibi tó burú o."

"Ó tún kù?" Bàbá ti dìde.

"Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo júwe ilé tuntun fún un, ó jí kíá, kò sí nǹkan yín tó sọnù. Ẹ pè mí ní akọni, mo sì jẹ́ ẹ. Oníná wá bẹ̀bẹ̀, ó tú gbogbo wáyà ilé yìí, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo di àkàbà mú! Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe.' Mo ní, 'Tún wo yàrá tèmi náà.' Ó wò ó o! Fáànù mi tó ti kú ń yí báyìí fììfìì!"

Tìmùtìmù tí àbúrò ẹ̀ sọ bà á lórí gbì.

"Dìde," Bàbá ní. "Ilé oníná lò ń lọ. Tó bá dárí jì ẹ́, mo ní àna. Tí kò bá dárí jì ẹ́, ìwọ àti àbúrò ẹ lẹ jọ máa yanjú ẹ̀."

Ìyá oníná ló ṣílẹ̀kùn. Dókítà ò tíì lanu tí màmá ti kúnlẹ̀. "Dókítà, ẹ bá wa bẹ Bàbá. Ọmọ mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Látọjọ́ yẹn, kò fọwọ́ kan wáyà mọ́." Dókítà náà bá dọ̀bálẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn díje. "Ìyá, ẹ dìde, ẹ má dá kún ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi ni!" Ó rò ó látòkèdélẹ̀, kò fi fáànù sílẹ̀.

Bó ṣe gbójú sókè, oníná ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Wáyà mi dáa?"

"Ó dáa."

"Kò sun nǹkan kan?"

"Kò sun nǹkan kan. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Oníná fara ti ògiri, ó mí kanlẹ̀. "Mo ti lọ bá káfíńtà pé kó gbà mí síṣẹ́ o!" Ẹ̀rín bá gbé e, ó rín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Dókítà tó ṣì wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní, "ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi."