Ohun tí mi ò túmọ̀ fún Alhaja ní yàrá dókítà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ ara mi. Ní Peckham tí mò ń gbé yìí, tí èèyàn bá sín lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti máa kí i ní pẹ̀lẹ́.

Ẹrù kan wà lọ́rùn mi tó ti lé lọ́dún kan. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ fún Wàsíù tó fẹ́ fẹ́ mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé obìnrin kan ń padà sí Nàìjíríà pátápátá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sì fẹ́ gbé lọ. Èmi ni mo ni ẹ̀bi náà.

Ọ̀dọ̀ Alhaja ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ló mú mi wá sí London, orí àga gígùn tó wà ní pálọ̀ wọn ni mo sì ti ń sùn láti ọdún mẹ́fà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí yín rí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo lè ti Forest Hill dé, níbi tí mo ti ń wẹ àwọn arúgbó látàárọ̀, kí n má tíì bọ́ bàtà, wọ́n á ní, "Kí ló dé tó o fi pẹ́? Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn?" Pálọ̀ ò sì ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì.

Ìpéǹpéjú Alhaja ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Awọ òkè ojú wọn ti rọ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ bo ẹyinjú. Ní mọ́sálásí, wọ́n á ní Alhaja ń sùn nígbà wáàsí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń gbọ́ wáàsí jù. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn, ọmọ òyìnbó tí wọ́n lè bí lọ́mọ, pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé wọ́n ń sùn dáadáa nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n wọra. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n pinnu pé àwọn máa lọ gé e.

Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé tìtorí ẹwà ni. Ilé ìwòsàn tá a lọ ní àwọn lè wá ògbufọ̀ Yorùbá fún wa, torí òyìnbó Alhaja tó fi ra nǹkan lọ́jà, kò tó fi gbọ́ ti dókítà. Alhaja fò sókè. "Ògbufọ̀ Yorùbá kẹ̀? Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ mi á ti dé Deptford! Ìwọ ni wàá bá mi gbọ́ ọ." Mo ní kò burú, mà.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní àwọn máa fi gègé fa ìlà sí ìpéǹpéjú, àwọn á gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀ kí ó má baà dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ní sùn títí àwọn á fi gé awọ tó pọ̀ jù kúrò, tí àwọn á sì rán an. Ó ní ojú á wú, á dúdú bíi ti ẹni tó jà, pé tó bá fi máa di bí ọ̀sẹ̀ méjì, púpọ̀ nínú ẹ̀ á ti lọ. Wọ́n á yọ òwú tí wọ́n fi rán an lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní kí wọ́n máa gbé orí sókè sùn, kí wọ́n má sì tẹríba fún ìgbà díẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ni mo túmọ̀. Alhaja ní, "Ìrun mi ńkọ́?" Dókítà ò mọ ohun tí ìforíkanlẹ̀ jẹ́, ni mo bá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá ẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀ kó lè rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa jókòó sórí àga kírun. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ó ní ẹni tí ojú ẹ̀ bá ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, ìpéǹpéjú ẹ̀ lè má pàdé mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Ó lè máa la ojú díẹ̀ sùn. Ó lè máa kán oògùn sójú títí ayé. Ó ní kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lè fọ́ pàápàá. Ó wá ní kí n bi wọ́n pé, tí wọ́n bá jí, ṣé ó máa ń dà bíi pé yanrìn wà lójú wọn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á kọ́kọ́ tọ́jú ojú gbígbẹ yẹn fún oṣù díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn má gé e rárá.

Mi ò nílò kí n béèrè. Àràárọ̀ ni Alhaja máa ń jáde ní yàrá, tí wọ́n á máa ra ojú, tí wọ́n á ní, "Yanrìn ti kún mi lójú o."

Alhaja wò mí. "Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí n ní "ẹ lè fọ́jú"? Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún àgbàlagbà? Mo ní, "Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ máa lọ dáadáa, lágbára Ọlọ́run." Alhaja ní, "Àmín." Mo yíjú sí dókítà, mo ní rárá, ojú wọn kì í gbẹ.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ àgbà ló fà á. Irọ́ ni, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Alhaja ti sọ pé tí ojú bá ti san, àwọn máa lọ lo oṣù mẹ́ta ní Nàìjíríà, kí àwọn ará ilé lè rí ojú tuntun. Oṣù mẹ́ta! Mo ti sọ fún Wàsíù pé á máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo ti ń rí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì gidi, tí mò ń rìn káàkiri ilé láìsí ẹni tó ń bi mí léèrè. Tí dókítà bá ní ká dúró, ìrìn àjò náà dúró nìyẹn. Mi ò lè fara dà á. Ohun tó jẹ́ kí n purọ́ nìyẹn.

Wọ́n gé e. Ojú wọn wú bíi búrẹ́dì. Alhaja tiẹ̀ ń ṣàwàdà, wọ́n ní, "Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé mo jà ní Rye Lane, ṣùgbọ́n èmi ni mo borí."

Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìyá Mulí wá láti Deptford, ó gbé ọbẹ̀ dání. Ọ̀rẹ́ Alhaja ni. Kí wọ́n tó bí mi làwọn méjèèjì ti jọ ń fọ ọ́fíìsì kiri London. Ẹnu ìyá yìí kì í dákẹ́, àwàdà ni oúnjẹ ẹ̀. Bó ṣe rí Alhaja, ó pariwo, "Yéè! Alhaja, ojú yín mà ti là jù o! Ẹ má wá máa lajú sílẹ̀ sùn o!" A rẹ́rìn-ín títí. Alhaja gan-an rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ojú mú.

Nígbà tí wíwú náà lọ, ojú yẹn rẹwà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò pàdé. Mo wọ yàrá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń sùn, mo sì rí funfun ẹyinjú wọn tó ń wò mí. Láti ìgbà yẹn, ojú wọn ń pọ́n, omi ń dà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń ta wọ́n. Ilé ìwòsàn ní ká máa kán oògùn síbẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, pé bóyá àwọn á tún un ṣe, àwọn ò tíì lè sọ.

Alhaja ò bá dókítà wí. Ìyá Mulí ni wọ́n dì mú. "Ẹnu ẹ̀ ni! Ó fi ẹnu ẹ̀ sọ ọ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń jowú mi." Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá náà wá. Ìgbà kẹta, ó kúnlẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mi ò ju ọmọ ẹ̀ lọ. "Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ wọ́n. Eré ni mo ṣe." Mo ní màá bá a bẹ̀ wọ́n. Mo ti ìlẹ̀kùn, mi ò sì bá a bẹ Alhaja rárá.

Alhaja ò lọ Nàìjíríà mọ́, torí eruku. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, èmi ni mò ń kán oògùn náà. Mo ti dín iṣẹ́ mi kù. Wàsíù ti rí yàrá kan lápá Walworth, ó ní ká ṣe nìkáà ká kó lọ, mo ní kó ní sùúrù, ó ti ń rò pé mo ní ẹlòmíràn. Èmi tí mò ń wá oṣù mẹ́ta, mi ò rí wákàtí mẹ́ta mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá kán an tán, Alhaja á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà rí ẹni tọ́jú ẹ." Mo máa ń ní àmín. Ojú ń tì mí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀ fún oògùn, wọ́n ṣàdédé ní, "Lọ́jọ́ tá a lọ yẹn, ṣé dókítà sọ irú èyí fún wa?" Àyè rèé. Ọlọ́run ló ṣí i fún mi. Mo ní, "Rárá o, mà."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Mulí pè mí. Ó ní àwọn ọmọ òun ti kọ́ ilé kékeré sí Ìsẹ́yìn fún òun, òun ò sì ní agbára àtipadà wá mọ́. Ó ní, "Sọ fún Alhaja pé mo ti gbà. Mo ti rò ó, ó lè jẹ́ ẹnu mi ni lóòótọ́. Kí wọ́n forí jì mí. Mi ò tiẹ̀ bá àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣàwàdà mọ́, kí n má baà ṣe wọ́n níjàǹbá."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá sọ ọ́, Alhaja lè lé mi jáde, bàbá mi lè sẹ́ mi, mi ò sì mọ ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú wọn lẹ́yìn mi. Tí mi ò bá sọ ọ́, ìyá yẹn á wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Sátidé, á sì máa bẹ̀rù ẹnu ara ẹ̀ títí á fi kú. Ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á. Láàárọ̀ yìí, mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá Alhaja lẹ́ẹ̀mejì, mo padà. Ẹ kàn sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ fún mi. Mo mọ ìyókù.