Iyanrìn Tí Mo Fún Mama Ibinabo Tọ́ Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìyá tí mo ṣẹ̀ ló wá kí mi lánàá, ni mo fi ní kí n sọ ọ́ jáde.

Bíríkìlà ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Borokiri, àdúgbò kan létí omi, ni mò ń gbé. Erékùṣù kékeré kan wà tí à ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láti ibí, apẹja ni wọ́n níbẹ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Mama Ibinabo, tó ń yan ẹja tà, ló mú mi lọ bá àwọn àgbà pé kí n bá wọn mọ odi tí yóò dá omi dúró.

Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n ṣe fún mi: n kò gbọdọ̀ gbẹ́ iyanrìn etí òkun wọn. Òun ló ń gba ìgbì dúró, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń jẹ irin inú kọnkéré. Kí n dúró de ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn odò wá.

Ọkọ̀ náà kó ti àkọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n èkejì pẹ́. Mo fẹ́ lọ ṣe Iléyá nílé, sùúrù mi sì tán. Lọ́jọ́ Sunday tí gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbẹ́ iyanrìn etí òkun lẹ́yìn erékùṣù, mo fi pò kọnkéré odi náà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan ń kùn pé iyanrìn mi jọ ti etí òkun. Mama ní kí n bu iyanrìn náà wá kí òun tọ́ ọ wò, torí bí wọ́n ṣe ń mọ oníyọ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ń tì mí: inú àpò iyanrìn odò tó ṣẹ́ kù ni mo ti bu fún un. Ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù, ó kọjú sí wọn.

"Salt no dey. My pikin no go lie for me."

Lọ́dún kẹta, odi là, omi gba ibi tí mo gbẹ́ wọlé. Ó gbé ibi tí Mama ti ń yan ẹja lọ, àti sàréè ọkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ahọ́n rẹ̀ ló tà wọ́n. Wọn ò pè é sí ìpàdé mọ́, ló bá kó wá gba yàrá kan ní Borokiri.

Àná ló wá sọ pé wọ́n fẹ́ mọ odi mìíràn, òun sì ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà fún mi.

"Na my tongue spoil," ó wí. "No be you."

Ó gbé ẹja yíyan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Ẹja náà ṣì wà lórí tábìlì, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún òun nìkan, àbí níwájú gbogbo erékùṣù? Mo mọ èyí tó yẹ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹnu tí n ó fi sọ fún ìyá arúgbó pé ahọ́n rẹ̀ kò bàjẹ́ rí.