Ó Rántí Ìyàwó Mi

Nínú takisí tó ń lọ sí Manigri, tí a jókòó sí ní Bassila, tí à ń dúró kó kún, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan àti alágbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn mi.

Olùkọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí olórin tó fi ìró ẹ̀rọ yín kọrin yẹn. Láàrin ogun àgbáyé méjèèjì, olórin kan ní Paris gbé ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú sínú orin rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wá gbọ́ ọ, àwọn náà sì ń kọ̀wé bí ẹ̀rọ ṣe ń dún."

"Ta ló ṣe ẹ̀rọ náà?"

"Wọn ò dárúkọ ìyẹn."

"Ṣé o rí i! Èmi ni mo jó irin pọ̀ di ẹ̀rọ tó ń fọ́ kajú. Olórin tiwa yìí gba ìró rẹ̀ sínú fóònù, ó fi kọrin. Ó kí gbogbo àgbẹ̀ Manigri nínú orin náà, ó kí ìyàwó mi pàápàá. Èmi ńkọ́?"

"Bóyá ó gbàgbé ni."

"Ó rántí ìyàwó mi!"

Bí awakọ̀ ṣe tan rédíò báyìí, orin ọ̀hún gan-an ló ń kọ. Olùkọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, alágbẹ̀dẹ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Dákẹ́ ná. Gbọ́ kàkà-kàkà tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Èmi nìyẹn."