Nítorí Apá Tí Mo Fi Gbé E Dìde, Ọkọ Mi Kọ̀ Mí

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní ìlú wa tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ àná, àbúrò ọkọ mi obìnrin tún wá bá mi ní ilé bàbá mi ní Ùsì. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní kí n palẹ̀ mọ́ kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Ìdó, pé ẹ̀gbọ́n òun ti tún dùbúlẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti tún kú, kò sì sí ẹni tó lè gbé e nílẹ̀. Ó ní, “Ìyá Fúnkẹ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n gbé.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àpò gàárì. Ọkùnrin tó lé mi jáde nílé nítorí pé mo mọ̀ ọ́n gbé, òun náà ni wọ́n ní kí n tún lọ gbé. Ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́ báyìí. Tẹ́lẹ̀, “wọn” ni mo máa ń pè é. Lónìí, “ó” ni.

Tísà ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Èmi, gàárì ni mò ń dín. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, Fúnkẹ́ wà ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní Èkó. Ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ́kọ́ kọ lù ú. Nígbà tí ilé ìwòsàn dá a sílẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ojoojúmọ́ ni kí n máa gbé e jókòó, kí n máa gbé e dìde, kí eegun rẹ̀ má baà gan. Wọn ò sọ bí obìnrin kan ṣoṣo ṣe fẹ́ gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé mo lágbára, àṣìṣe tèmi nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko Ọ̀rìn wá sílé, kò sì sí ẹlẹgbẹ́ mi tó lè ru tó mi. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ẹ̀yin obìnrin. Bí a bá di ẹrù tán lóko, kí ni a máa ń sọ? “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí.” Ẹni tó ń kọjá lọ ni yóò bá wa gbé e láti ilẹ̀ dé orí. Bí a bá délé, a ó ní, “Ẹ sọ̀ mí.” Orí wa ló lágbára, ọrùn wa ló lágbára, àmọ́ láti ilẹ̀ dé orí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Èèyàn kì í sì í ṣe ẹrù orí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ń pe àwọn aládùúgbò. Wọ́n ń wá. Nígbà tó yá, wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó dé, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ ìpè mi mọ́. Ní ọjọ́ kan mo dá gbé e, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, àwa méjèèjì balẹ̀ gbì. Ẹ̀yìn mi ró kọ́. Ilẹ̀ la wà títí ẹni tó wá ra gàárì fi bá wa. Ọkọ mi ń sunkún, ó ní, “Jẹ́ kí n kú, Ìyá Fúnkẹ́.” Mo ní, “Ẹ ò ní kú. Màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé yín.”

Ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti kọ́ ọ? Kò sí ilé tí wọ́n ti ń gbé irin kí ara lè lágbára ní Ìdó, ká tilẹ̀ ní ó wà, ta ni yóò gba ìyá ọlọ́mọ wọlé? Bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, àwọn irin ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé ní Ùsì, tí wọ́n ti dípẹtà. Irin rìbìtì, tó ní ọrùn tí èèyàn lè fọwọ́ méjèèjì dì mú bí ọwọ́ kẹ́tìlì. Mo kó wọn sínú takisí lọ sí Ìdó. Dírẹ́bà wò mí, ó ní, “Ìyá, kòkó lẹ tún fẹ́ máa rà ni?” Mo ní kó máa wa mọ́tò rẹ̀.

Láràárọ̀, kí n tó daná gàárì, mo máa ń dúró lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú irin kékeré. Mo kọ́kọ́ ń fi ẹ̀yìn gbé e, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo dán an wò báyìí, mo dán an wò báyẹn, títí mo fi rí i pé ìdí ni kí n sún sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó, kí n jẹ́ kí irin gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, kí n wá fi ìdí àti itan tì í jáde. Ọjọ́ tí mo rí èyí, mo rẹ́rìn-ín nìkan. Nígbà tó yá, mo bọ́ sí irin ńlá. Mo di iyanrìn sínú ike ọ̀dà, mo ń gbé e mọ́yà dìde láti orí àpótí. Ìyá Káyọ̀dé, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri.

“Ìyá Fúnkẹ́, ta lo fẹ́ bá jà? Wí fún wa ká tètè sá.”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ wọlé wá gbé irin yìí wò.”

Ó wọlé lóòótọ́, ó tẹ̀ba, ó fà á títí, irin ò mira. Ó ní, “Irin yìí ní nǹkan nínú.” Mo ní irin náà ló wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà tó tán, mo ń dá gbé ọkọ mi láti ibùsùn sórí àga láì pe ẹnikẹ́ni. Ó ń pè mí ní Ìyáàfin Sójà, inú mi sì ń dùn sí i. Òun náà ni mo wá kọjú sí. Mo po sìmẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì, mo fi okùn ṣe ọwọ́ sí i, mo ní kó máa gbé e pẹ̀lú ọwọ́ tó kú. Ó bú mi, ó sọ agolo nù, mo he é wá. Mo mú un jókòó, mo mú un dìde, ìgbáròkó mi mọ́ tirẹ̀, títí ó fi ń dá dìde, tó sì di irin kékeré mú rìn yí igi ọsàn ká láìsí ọ̀pá. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, ó ní kí n kó àwọn irin yẹn pamọ́ kí àlejò má baà rí wọn, kí n sì wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn. Mo ṣe é. Nígbà tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní áńgẹ́lì kan ló fa òun lọ́wọ́ dìde nígbà tí òun nìkan wà nínú yàrá. Gbogbo ìjọ hó. Kò dárúkọ mi rárá. Áńgẹ́lì wo? Mi ò sọ pé Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é. Ọlọ́run ló ṣe é, ọwọ́ mi ló sì fi ṣe é. Nígbà tí a délé mo bi í léèrè. Ó ní, “Ṣé kí n dúró níwájú ìjọ, kí n ní ìyàwó mi ló ń gbé mi bí ọmọ jòjòló?”

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wo ojú mi. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, ó ti ń gun takisí lọ sí Ọ̀yẹ́, sọ́dọ̀ opó kan tó máa ń gbàdúrà fún un. Ẹsẹ̀ tí mo fún un ló fi ń rìn lọ. Nígbà tí ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, ó tọ́ka sí mi níwájú gbogbo wọn. “Ẹ wo apá rẹ̀. Ṣé apá obìnrin nìyí? Alágbàṣe ni mo fẹ́ ni?” Àbúrò rẹ̀ yìí kan náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyáàfin Sójà.” Àṣé ó ti ń sọ ọ́ fún wọn. Orúkọ tó wà láàárín èmi àti òun nígbà tí kò sẹ́lòmíràn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní kí n fi ilé òun sílẹ̀. Mo di ẹrù mi, mo padà sí Ùsì. Opó náà sì wọlé.

Ní báyìí tí àìsàn ti padà, opó ti lọ sí ilé àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní òun ò lè gbé e. Èmi ò bá a wí, wọn ò fi gbígbé ẹ̀dá ṣe àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Mo bi àbúrò rẹ̀ pé, “Àǹtí, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n wá?” Ó ní ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ ò já geere. Mo ní, “Orúkọ ta ló ń pè?” Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Iṣẹ́ rẹ ni, Ìyá Fúnkẹ́. Má wo ti ẹjọ́.”

Fúnkẹ́ ní kí n má lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n lọ nítorí Ọlọ́run. Oore tí igún ṣe ló fi pá lórí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ bí eegun ṣe ń gan bí a bá fi èèyàn sílẹ̀ lórí ibùsùn, àti pé ọjọ́ tó ń lọ yìí kò ní padà fún un. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá lọ, wọn á ní kò sí ohun tó ṣe mí, obìnrin náà kúkú padà. Bí mi ò bá lọ, ọkùnrin náà kò ní dìde mọ́, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé ó lè dìde.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara dà á nítorí ọmọ, àwọn ọmọ ti lọ. Ẹ má sọ fún mi pé ọkọ ni adé orí. Ohun kan ni kí ẹ sọ fún mi: ṣé èèyàn lè gbé ẹni tó kórìíra apá rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kejì, kó má sì bá a ṣubú?